Ojú Ìwọ̀n ni Ìwàásù Àkọ́kọ́: Òwò Gẹ́gẹ́ Bí Iṣẹ́ Ìhìnrere
Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn oníṣòwò Kristẹni ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú Olúwa, ẹ̀yin oníṣòwò tó ti ọjà wá síbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń múra láti dá iṣẹ́ tiyín sílẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Ohun tí wọ́n ní ká wá sọ ni bí Kristẹni ṣe lè fi òwò ṣe iṣẹ́ ìhìnrere. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ tààrà síbi owó: kí oníṣòwò ra jẹnẹrétọ̀ fún ìjọ, kí ó bá wọn kan òrùlé. Ìyẹn dára, a ò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Kọ́ríńtì, bí a ṣe kà á nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18, ọ̀dọ̀ Ákúílà àti Pírísílà ló wọ̀ sí, torí pé iṣẹ́ àgọ́ pípa kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Ní orí 20, ó sọ fún àwọn alàgbà Éfésù pé ọwọ́ òun yìí ni òun fi ṣiṣẹ́ fún àìní òun àti ti àwọn tó wà lọ́dọ̀ òun. Ọ̀nà kan nìyẹn: iṣẹ́ ń bọ́ oníwàásù. Lìdíà tó ń ta aṣọ elésè àlùkò ní Fílípì gba ọ̀nà mìíràn, ó ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn oníwàásù, òwò rẹ̀ ń gbé iṣẹ́ ró. Ọ̀nà kẹta ni a fẹ́ pẹ́ lé lórí lónìí: kí òwò fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìhìnrere, tó fi jẹ́ pé nínú bí a ṣe ń rà, bí a ṣe ń tà, bí a ṣe ń sanwó fún òṣìṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni aládùúgbò wa ti máa kọ́kọ́ rí Kristi.

Òwò àti ìhìnrere jọ wọ ilẹ̀ Yorùbá ni. Láti nǹkan bí 1840 ni Thomas Fowell Buxton, ọ̀kan nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá òwò ẹrú jà, ti ń sọ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé Bíbélì àti iṣẹ́ oko ló máa fòpin sí òwò ẹrú nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, dé Abẹ́òkúta ní 1846. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi ń rọ àwọn ará ibẹ̀ láti gbin òwú tí wọ́n lè tà sókè òkun, nítorí Henry Venn, akọ̀wé wọn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, gbà pé ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà gbọ́dọ̀ lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, àwọn míṣọ́nnárì Basel dá ilé òwò sílẹ̀ ní 1859, wọ́n sì kọ̀ láti ta ọtí líle, nígbà tí ọtí jẹ́ ọjà ńlá fún àwọn oníṣòwò etí òkun.

Èyí tó kàn wá jù ni ti J. K. Coker, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú African Church tó ya kúrò lára ìjọ Áńgílíkà ní 1901. Ó ní oko kòkó ńlá ní Ifakọ̀ lẹ́bàá Agége. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń ti àárín ilẹ̀ Yorùbá lọ ṣe lébìrà níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, wọ́n sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n bá ń padà sílé, ìrúgbìn kòkó wà lọ́wọ́, ìhìnrere wà lẹ́nu. Ní ìlú Oǹdó níhìn-ín, Charles Phillips, àlùfáà CMS, ti dé láti 1877, kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Òun àti Samuel Johnson wà lára àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì ní 1886. Ọ̀nà tí ogun bá dí, òwò kì í gba ibẹ̀, ìhìnrere pẹ̀lú kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀.

Torí náà, kòkó ni a máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí òwò rẹ̀ kì í bá ṣe kòkó, kó máa fi tirẹ̀ wé e bí a ṣe ń lọ.

Omi inú kòkó

Ká sọ pé arákùnrin kan fẹ́ ṣí sítọ́ọ̀ tí yóò máa ra kòkó ní abúlé kan lọ́nà Ìdànrè tàbí lẹ́bàá Òwènà, ó sì fẹ́ kí sítọ́ọ̀ náà jẹ́ iṣẹ́ ìhìnrere. Lọ́jọ́ tí àgbẹ̀ bá kọ́kọ́ gbé kòkó dé, kò ní wò ó bóyá Bíbélì wà lórí tábìlì. Ojú ìwọ̀n ló máa tẹjú mọ́. Ìdí tó fi ń tẹjú mọ́ ọn ni pé wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ rí.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rẹ́ àgbẹ̀ jẹ kò ju mélòó kan lọ. Wọ́n lè yí nọ́ọ̀tì ìwọ̀n kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ má bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Wọ́n lè gbé ìwọ̀n sórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, tàbí kí àpò fara ti ògiri díẹ̀, ògiri á wá bá ìwọ̀n gbé e. Wọ́n lè yọ kílò méjì fún àpò tí kò wọ̀n ju kílò kan lọ. Tọ́ọ̀nù kòkó kan jẹ́ àpò 16, kílò 62.5 ni kòkó inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a bá fi àpò fúnra rẹ̀ kún un, ó ń sún mọ́ 64. Bí ìwọ̀n bá fi kílò 4 péré rẹ́ni jẹ lórí àpò kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àpò 16 bá fi pé, kílò 64 ti lọ. Odindi àpò kan. Àgbẹ̀ náà lè máà mọ iye rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kòkó òun ju báyìí lọ.

Òwe 11:1 ní ìríra ni ìwọ̀n èké lójú Olúwa. Diutarónómì 25 ní ká má ṣe ní ìwọ̀n oríṣi méjì nínú àpò, ńlá àti kékeré. Gbogbo wa mọ ẹsẹ wọ̀nyẹn. Ohun tí a kì í sọ ni ohun tó ń ti oníkòkó, ìyẹn ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, dé ibẹ̀, títí kan oníkòkó tó jẹ́ díákónì. Ojúkòkòrò wà ńbẹ̀, àmọ́ òun nìkan kọ́. Omi ni.

Àwọn tó ń kó kòkó lọ sókè òkun ń fẹ́ kí omi inú rẹ̀ má ju ìdá 7.5 nínú 100 lọ, tàbí 8 ó pẹ́ tán, torí pé tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kòkó á bu nínú ọkọ̀ ojú omi. Àgbẹ̀ tó nílò owó kì í dúró kí ó gbẹ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń gbé e wá nígbà tí omi rẹ̀ ṣì wà ní 10 tàbí 12. Ẹni tó rà á ló máa wá sá a, bí ó bá sì ti ń gbẹ ló ń fúyẹ́. Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Kílò 1,000 kòkó tí omi rẹ̀ jẹ́ 10 nínú 100, kílò 900 péré ni kòkó gidi inú rẹ̀. Bí ẹ bá sá a títí omi fi dé 7.5, ohun tó máa wà lórí ìwọ̀n ni kílò 973. Kílò 27 ti bá oòrùn lọ. Bí omi bá jẹ́ 12 nígbà tí ẹ rà á, kílò 951 ló máa kù, ẹ ti pàdánù 49. Ẹni tó fi owó kílò 1,000 ra ohun tó jẹ́ 951, tí èrè rẹ̀ lórí tọ́ọ̀nù kan kò sì ju ìdá 3 tàbí 4 nínú 100 lọ, gbèsè ló rà. Òun náà mọ̀. Kàkà kó sọ fún àgbẹ̀ pé "kòkó yín tutù", èyí tó lè di ìjà, ó yí ìwọ̀n. Àgbẹ̀ náà mọ̀ pé ìwọ̀n ń jalè, nítorí náà kò rí ìdí kankan tó fi yẹ kóun sá kòkó dáadáa. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ wọ́n omi sí i. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń jọ parọ́ fún ara wọn nìyẹn láti ọdún dé ọdún, wọ́n á sì jọ jókòó lórí àga kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ìhìnrere oníkòkó wà. Kó ra mítà tí wọ́n fi ń wọn omi inú kòkó. Kó gbé ìwọ̀n síbi tí àgbẹ̀ ti lè rí ojú rẹ̀. Kó wá fi Yorùbá kọ pátákó kan sára ògiri: omi 7.5, a ó san owó kílò 1,000 lórí kílò 1,000. Omi 8, a ó san 995. 9, a ó san 984. 10, a ó san 973. 11, a ó san 962. 12, a ó san 951. Tó bá kọjá 12, a kì í rà á, torí kòkó bẹ́ẹ̀ tètè máa ń bu. Kó kọ iye owó kílò ti òwúrọ̀ ọjọ́ náà sísàlẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ gbé kòkó rẹ̀ padà lọ sá, kí wọ́n jẹ́ kó gbé e lọ pẹ̀lú ọ̀yàyà. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹ máa rí i pé kòkó tó ń wọlé sí sítọ́ọ̀ yẹn gbẹ ju ti ibòmíràn lọ, torí pé àgbẹ̀ ti wá rí i pé oòrùn ọjọ́ méjì lówó lórí.

Mítà máa ń parọ́ bí ẹ kò bá tọ́jú rẹ̀. Kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn dé, tó ṣì gbóná, kò ní jẹ́ kó sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù ná. Ẹ bu lára tòkè, tàárín àti tìsàlẹ̀ àpò, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì mú àárín iye tó bá gbé jáde. Bátìrì tó ti ń kú lọ tún máa ń ṣì í lọ́nà. Ìwọ̀n náà ní ìdánwò tirẹ̀: ẹ ra irin ìdánwò oníkílò 20 mẹ́ta, kí ẹ sì máa gbé e sórí ìwọ̀n ní àràárọ̀ lójú àwọn tó bá wà níbẹ̀. Mẹ́ta ni a sọ, torí pé ìwọ̀n lè pé ní kílò 20 kó má pé ní 60, orí 60 sókè sì ni àpò kòkó wà. Bí kò bá pé, ẹ má rà lọ́jọ́ náà, títí ẹ ó fi tún un ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n ní òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù ú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá lù ú.

Kòkó ní àbùkù mìíràn tí oníkòkó lè fi ran aládùúgbò lọ́wọ́. Àwọn tó ń yẹ kòkó wò máa ń ka hóró 300, wọ́n á là á gígùn sí méjì-méjì. Kó tó lè wà ní ipò kìíní, èyí tó bu kò gbọdọ̀ ju ìdá 3 nínú 100 lọ, ìyẹn hóró 9. Èyí tí inú rẹ̀ dà bí síléètì náà kò gbọdọ̀ ju 9. Hóró ń dà bí síléètì nígbà tí àgbẹ̀ kò bá bò ó mọ́lẹ̀ pẹ́ tó kó tó sá a: ó yẹ kó lo ọjọ́ 5 sí 6 lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí nínú àpótí, kí wọ́n sì máa yí i padà ní ọjọ́ méjì-méjì. Ó ń bu tí wọ́n bá dì í nígbà tó ṣì lọ́rinrin, tàbí tí wọ́n tò ó sórí sìmẹ́ǹtì láìfi páńkó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sá a sórí ọ̀dà títì. Eruku, epo ọkọ̀ àti òórùn ọ̀dà ló ń gbà síra. Kí oníkòkó la hóró mélòó kan lójú àgbẹ̀, kó fi inú rẹ̀ hàn án, kó sọ ohun tó fà á. Bí àgbẹ̀ bá kúrò ní sítọ́ọ̀ yín pẹ̀lú ìmọ̀ tó máa mú kí kòkó rẹ̀ lówó lórí sí i, kódà bó bá lọ tà á fún ẹlòmíràn, ẹ ti fẹ́ràn ọmọnìkejì yín.

Ìṣòro kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá: owó kòkó tí a ń yá àgbẹ̀ ṣáájú. Oṣù Kẹsàn-án ni owó ilé ìwé ń dé, kòkó ńlá kò tíì jáde tán. Oníkòkó á yá àgbẹ̀ lówó, á sì dá iye tí yóò gba kòkó rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà, iye tó kéré gan-an. Ní 2024, kòkó kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan ní ọjà àgbáyé. Àgbẹ̀ tó ti ta tirẹ̀ sílẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú kàn ń wò ni. Ẹ lè yá àgbẹ̀ lówó, ṣùgbọ́n iye owó tí ẹ yá a ni kí ẹ kọ sínú ìwé, kí ẹ má dá iye tí ẹ ó ra kílò kòkó rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó fi kòkó san án ní iye tó bá wà lára pátákó lọ́jọ́ tó gbé e dé. Ní 2025, iye kòkó ní ọjà àgbáyé já wálẹ̀, àwọn oníkòkó tó ti kó o pa mọ́ sì jẹ gbèsè. Kí ẹni tí ojú owó rẹ̀ kéré má ṣe jẹ́ kí kòkó pẹ́ lọ́wọ́ òun ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, bó ti wù kí àwọn ènìyàn máa sọ pé yóò tún gbówó lórí.

Ẹ tún máa béèrè ibi tí oko wà. Àwọn ará Yúróòpù ti ṣe òfin tó ní kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ igbó tí wọ́n pa lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020 jáde kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn, ọ̀pọ̀ oko kòkó ìpínlẹ̀ wa sì ti wọ inú igbó ọba, bíi ti Àkúrẹ́-Òfosù, Ìdànrè àti Olúwa.

Gbogbo òwò ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ti ìyá tó ń ta gàrí ní Ọjà Ọba ni kọ́ńgò, tí wọ́n máa ń lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ti oníbúrẹ́dì ni potassium bromate, kẹ́míkà tó ń mú kí búrẹ́dì wú, tí NAFDAC ti fòfin dè. Ti mẹkáníìkì ni páàtì tó yọ kúrò: ṣé ó fi í han ẹni tó ni ọkọ̀? Ti télọ̀ ni ọjọ́ tó dá. Télọ̀ tó bá ní "ẹ wá ní Fráìdé" tó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kò lè ṣeé ṣe, ìwọ̀n èké ló gbé jáde yẹn.

Ìdámẹ́wàá àti ojú owó

Ohun tó ń pa òwò àwọn ará wa jù, nínú ohun tí a ti rí, kì í ṣe àìgbàdúrà. Àìmọ ìyàtọ̀ láàárín owó tó wọlé àti èrè ni. Ẹ wo arábìnrin tó ta ọjà ₦1,000,000 lóṣù kan. Lẹ́yìn tó yọ owó tó fi ra ọjà, owó ọkọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó òṣìṣẹ́, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Nítorí ìfẹ́ tó ní sí Ọlọ́run, ó san ìdámẹ́wàá lórí ₦1,000,000, ìyẹn ₦100,000. Ó ti jẹ ₦40,000 nínú ojú owó nìyẹn. Kò tíì jẹun, kò tíì san owó ilé. Oṣù mẹ́fà irú èyí, ₦240,000 ti lọ, á sì máa sọ pé àwọn ọ̀tá ń bá òwò òun jà. Owó la fi ń pèèná owó. Bí ojú owó bá ti tán, kò sí òwò, kò sí ìdámẹ́wàá, kò sí iṣẹ́ ìhìnrere. Lórí ₦60,000, ìdámẹ́wàá jẹ́ ₦6,000. A bẹ ẹ̀yin pásítọ̀ wa pé kí ẹ kọ́ àwọn ènìyàn yín ní ìṣirò yìí láti orí pẹpẹ. Iṣẹ́ àánú ni.

Kí oníṣòwò ní àkáǹtì mẹ́ta: ti òwò, ti ilé, ti ìhìnrere. Kó máa san owó oṣù fún ara rẹ̀ láti inú ti òwò sínú ti ilé, iye kan pàtó, kó má máa bu owó nínú dúrọ́ọ̀. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kó ṣírò èrè, kó pín in: apá kan padà sínú ojú owó, apá kan fún àjálù, apá kan sínú ti ìhìnrere. Láti inú ti ìhìnrere nìkan ni yóò ti máa fún ajíhìnrere lówó, tí yóò ti máa ra oògùn fún aláìsàn. Ọjọ́ tí àkáǹtì yẹn bá ṣófo, kó sọ pé kò sí. Àwọn ènìyàn máa ń ti ìtìjú yá owó òwò fún ìpàdé ńlá, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n sì ń wá owó ọjà kiri.

Ẹ má gba owó àwọn ará ìjọ fi ṣòwò láìkọ ọ́ sílẹ̀. Bí arákùnrin kan bá mú ₦500,000 wá, ṣé ó yá yín ni, ṣé ó bá yín dá a pọ̀ ni? Ẹni tó yáni lówó yóò gba owó rẹ̀ bí ọjà bá kù tàbí bó bá jóná. Ẹni tó dá owó pọ̀ yóò jẹ nínú èrè, yóò sì jẹ nínú àdánù. Tí ẹ kò bá kọ èyí sílẹ̀, ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ni ẹ máa mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn yín yàtọ̀ sí tirẹ̀, ìjọ á sì pín sí méjì.

Ní ti ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission, ilẹ̀kùn mẹ́ta ni a fẹ́ mẹ́nu bà, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Orúkọ òwò lásán rọrùn, ṣùgbọ́n gbèsè òwò náà gbèsè ẹni tó ni ín ni. Kọ́ńpìnì ń ya ẹrù òwò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù ilé, láti ìgbà tí òfin kọ́ńpìnì ti 2020 sì ti dé, ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ti àwọn ìgbìmọ̀ olùtọ́jú, èyí tí ìjọ fi ń forúkọ sílẹ̀, òun kò sì gbọdọ̀ pín èrè fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí àwọn kan ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń fi orúkọ ìjọ ṣòwò, wọ́n lérò pé owó orí kò ní kàn wọ́n. Owó tí ìjọ bá pa láti inú òwò, owó orí kàn án. Ẹ dá kọ́ńpìnì sílẹ̀, ẹ san owó orí yín, ẹ gba rìsíìtì. Kristẹni tó ń sá fún owó orí lẹ́yìn tó ti gbàdúrà fún ìjọba lówùúrọ̀, kí ló fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́?

Àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́

Léfítíkù 19:13 ní kí owó alágbàṣe má sùn lọ́dọ̀ wa di òwúrọ̀. Lébìrà tó ń sá kòkó, tó ń gbé àpò sínú ọkọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni kó gba owó rẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò fẹ́ kí owó òṣìṣẹ́ kọjá oṣù kan kí wọ́n tó san án, kò sì gba agbanisíṣẹ́ láyè láti yọ owó ìtanràn nínú owó oṣù. Àṣà ₦500 fún ẹni tó bá pẹ́ dé, tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń ṣe, kò bófin mu. Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè wa ti di ₦70,000 láti 2024. Bí òṣìṣẹ́ yín kò tilẹ̀ pé 25 tí òfin náà fi kàn yín dandan, ẹ fi iye yẹn síwájú ara yín. Bí wọ́n bá pé 15, owó ìfẹ̀yìntì ti di dandan.

Ẹ má gba ará ìjọ nìkan sí iṣẹ́. Ìfẹ́ ló ń mú wa ṣe é, àmọ́ ohun méjì ló ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe á lọ bá pásítọ̀ kó wá bá òun bẹ̀, ẹ kò sì ní lè bá a wí mọ́. Èkejì ni pé kò ní sí ẹni tí kò mọ Kristi lábẹ́ òrùlé yín tí yóò máa wo bí ẹ ṣe ń ṣe nígbà tí inú bá ń bí yín. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, Mùsùlùmí àti Kristẹni ń jẹ nínú abọ́ kan náà nínú ilé kan náà. Sítọ́ọ̀ yín kò gbọdọ̀ há ju ilé bàbá yín lọ. Bí ẹ bá ń gbàdúrà òwúrọ̀, kí ó kúrú, kó wà nínú àkókò iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún, kí ẹni tí kò bá fẹ́ sì lè máa gbálẹ̀ ìta láìbẹ̀rù pé wọ́n máa fojú burúkú wo òun.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu: má ṣe wàásù fún ẹni tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. Àgbẹ̀ tó ń dúró kí o ka owó fún un kò lè sọ pé òun kò fẹ́ gbọ́. Ka owó rẹ̀ tán, kó kà á fúnra rẹ̀, kó fi í sápò. Bó bá jókòó lẹ́yìn náà tó bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò fi ń ṣe bí àwọn yòókù, Pétérù Kìíní 3:15 ti sọ ohun tó kàn. Má sì dín owó fún ẹni tó bá wá sí ìpàdé, má fi kún ti ẹni tó bá ṣe ìrìbọmi.

Lílọ sí ibi tuntun

Àwọn kan máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù sí abúlé kan láti fi bojú ni, kí wọ́n lè ráyè wàásù. Ọjà mẹ́ta lórí àtẹ, wọn kì í sì í sí ńbẹ̀. Ará abúlé kì í ṣe ọmọdé. Kó tó di oṣù kẹta, wọ́n ti mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù yẹn kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n á máa bi ara wọn pé ta ló ń sanwó fún ọkùnrin yìí. Irọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ́kọ́ lo ìgbà kòkó kan gbáko lọ́dọ̀ ẹni tó mọ òwò náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà kó lọ kí ọba tàbí baálẹ̀, kó sọ òótọ́ pé Kristẹni ni òun, kòkó ni òun wá rà. Kó wo iye àwọn tó ń ra kòkó níbẹ̀, ọjọ́ ọjà wọn, bí ọkọ̀ ṣe lè dé ibẹ̀ nígbà òjò. Kó ní owó tó máa jẹ fún oṣù mẹ́fà láìfọwọ́ kan ojú owó, torí pé àgbẹ̀ kò ní gbé àpò tó pọ̀ wá ní ìgbà àkọ́kọ́. Àpò kan ni wọ́n máa fi dán an wò. Kí ẹni méjì jọ lọ bó bá ṣeé ṣe, kí ọ̀kan máa kọ ìwé, kí èkejì máa wọ̀n. Ẹni tó dá nìkan wà lẹ́nu owó, ìdánwò rẹ̀ pọ̀.

Ìjọ tó bá rán an yóò fẹ́ gbọ́ ìròyìn, iye ọkàn ni wọ́n sì máa ń béèrè. Kó máa kọ ohun mìíràn kún un lóṣooṣù: àgbẹ̀ mélòó ló padà wá lẹ́ẹ̀kejì, aáwọ̀ mélòó ló wáyé nídìí ìwọ̀n, báwo ni wọ́n ṣe parí rẹ̀, ṣé wọ́n san owó òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ, èrè mélòó ló wà. Bí àgbẹ̀ kò bá ń padà wá, kí ìjọ má bi í léèrè ọkàn ná.

Nígbà mìíràn òwò náà kò ní dúró. Kí wọ́n dá ààlà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí ojú owó bá ti dín sí ìlàjì, kí wọ́n dáwọ́ dúró nígbà tí agbára àtisan gbèsè ṣì wà. Kó sọ fún abúlé ní oṣù kan ṣáájú. Kó san owó àwọn lébìrà, kó san owó àgbẹ̀ tí òun gba kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn, kó san ti báńkì, kí tirẹ̀ wá kẹ́yìn. Àgbẹ̀ tó jẹ ẹ́ lówó, kó ka ìwé rẹ̀ sí i létí, kí wọ́n jọ dá ọjọ́ tí yóò san án. Kó tú pátákó ara ògiri sílẹ̀, kó fún ọ̀dọ́ abúlé náà tó bá fẹ́ bá òwò yẹn lọ, kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò omi, kó sì ta ìwọ̀n náà fún un pẹ̀lú irin ìdánwò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.